Mo bá bọ́ọ̀sì lọ sí òkè Edith Cavell: orúkọ nọ́ọ̀sì ni, ẹ pè é dáadáa

Nọ́ọ̀sì ni mí ní Edmonton ní Kánádà, ó sì ti pẹ́ tó ti ń wù mí kí n fojú ara mi rí òkè tí wọ́n fi orúkọ nọ́ọ̀sì sọ. Mo wá sanwó bọ́ọ̀sì àwọn afinimọ̀nà kan láti ìlú Jasper. Aago mẹ́sàn-án la fàdéhùn sí. Ogójì ìṣẹ́jú la fi dúró lójú títì, ẹnikẹ́ni ò sì bẹ̀ wá.

Ìyẹn kọ́ ló bí mi nínú jù. Bí a ṣe ń gun ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ tó lọ sídìí òkè náà, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń fi wá mọ̀nà gbé máìkì, ó ní "Kàfẹ́lì". Ẹ̀ẹ̀mẹta ló pè é bẹ́ẹ̀. Ó tún ní obìnrin kan tó fẹ́ràn kó máa gun òkè ló ni orúkọ náà. Háà! Mo nawọ́. Mo ní, "Káfẹ̀lì ni, òkè ni ohùn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni. Ní Brussels ní Belgium ló ti ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì níṣẹ́. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ó ran sójà bíi 200 lọ́wọ́ láti sá mọ́ àwọn ará Jámánì lọ́wọ́, ni wọ́n bá yìnbọn pa á lọ́jọ́ 12 oṣù kẹwàá 1915. Ọdún kejì ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ òkè yìí." Ó ní bí àwọn ṣe ń pè é níbí nìyẹn. Ohun tí wọ́n máa ń sọ fún èmi náà níbi iṣẹ́ nìyẹn, tí wọ́n bá fi ohun tí bàbá mi ò sọ mí pè mí. Ara mi gbóná. N kò la ẹnu mọ́ títí a fi sọ̀kalẹ̀.

Òkè náà ga ní mítà 3,363. Lójú àríwá rẹ̀, yìnyín tí wọ́n ń pè ní Angel na ìyẹ́ méjèèjì lóòótọ́, ègé yìnyín sì ń léfòó lórí adágún tó wà nísàlẹ̀. Ègé kan já bọ́ láti òkè lójú wa, ó dún bí ààrá. (Ẹ má sún mọ́ ọn o. Lọ́dún 2012, yìnyín tí wọ́n ń pè ní Ghost já sínú adágún yẹn, omi sì gbá dé ibi ìgbọ́kọ̀sí.)

Ibẹ̀ ni ọmọkùnrin náà ti wá bá mi. Ó yọ ìwé kékeré lápò, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ tún un pè." Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó fa ìlà sórí apá àkọ́kọ́. Ó wá ní òun náà ní ọ̀kan tí n kò mẹ́nu bà: kí wọ́n tó fún un ní orúkọ nọ́ọ̀sì, àwọn oníṣòwò awọ ẹran tó ń sọ Faransé ń pè é ní La Montagne de la Grande Traverse. N kò mọ̀ ọ́n rí. Nígbà tí à ń bọ̀, ó gbé máìkì, ó bẹ gbogbo àwa mẹ́rìnlá, ó pè é bó ṣe yẹ, ó sì gbé máìkì fún mi kí n sọ ìyókù. Omi bọ́ lójú mi.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè mo pe ọ́fíìsì wọn nítorí ogójì ìṣẹ́jú yẹn. Obìnrin tó gbé e ní kí n lọ ka ìwé tí mo fọwọ́ sí, ó sì já fóònù mọ́ mi létí.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Mo ti sanwó fún èmi àti nọ́ọ̀sì méjì láti wọ́ọ̀dù wa fún oṣù kẹjọ tó ń bọ̀. Ọmọkùnrin yẹn ni mo ní kí wọ́n fún wa.