Ìwé ìbéèrè ERQ: ó dára, tí ẹ bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀

Gbólóhùn 10 péré ló wà nínú ERQ (Emotion Regulation Questionnaire), ìwé ìbéèrè tí James Gross àti Oliver John gbé jáde ní 2003 láti fi mọ bí èèyàn ṣe ń kápá ìmọ̀lára rẹ̀. Ẹni tó ń dáhùn á fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 1 sí 7. Mẹ́fà (1, 3, 5, 7, 8, 10) ń wọn yíyí ojú tí a fi ń wo ọ̀ràn padà. Mẹ́rin yòókù ń wọn pípa ìmọ̀lára mọ́ra kó má hàn síta.

Ibi tí wọ́n ti ń bà á jẹ́ nìyí: àwọn kan tó ń lò ó á ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ di máàkì kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀! Ẹni tó ń pa nǹkan mọ́ra gan-an lè mọ èrò yí padà dáadáa pẹ̀lú. Mo fara mọ́ ERQ fún ìwádìí, àmọ́ kò béèrè ohunkóhun nípa àròkàn, tàbí nípa kéèyàn lọ fọ̀rọ̀ lọ ẹlòmíì.