Kíláàsì òyìnbó tí mo lọ ní Tanke, Ìlọrin: ọ̀gá bà mí nínú jẹ́, Ańtí ló là mí lóhùn

Ohùn mi ni ọ̀gá kíláàsì yìí gbé sí sípíkà níwájú èèyàn 18. Fóìsì nóòtì tí mo fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp ni, iṣẹ́ tó ní ká ṣe nílé, òun fúnra ẹ̀ ló sì sọ pé òun nìkan lòun máa gbọ́ ọ o. Ó tẹ̀ ẹ́, mo wá ń gbọ́ ara mi, "tiri tausan patients". Ó dá a dúró, ó tún un tẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, ló bá ní, "Ahọ́n ọmọ Ìlọrin nìyẹn, kéwú ti bà á jẹ́, kò lè pe th mọ́ láyé." Mo dìde, mo gbé báàgì mi, mo jáde. Kẹ̀kẹ́ ti gbé mi dé Póòsì-Ọ́fíìsì kí ara mi tó wálẹ̀, inú sì ń bí mi títí di bí mo ṣe ń tẹ èyí.

Ohun tó gbé mi débẹ̀ rèé. Oògùn ni mò ń tà fún ilé-iṣẹ́ kan, èmi ni mo máa ń lọ ṣàlàyé oògùn wa níwájú àwọn dókítà láàárọ̀ kí wọ́n tó wọ wọ́ọ̀dù, ìṣẹ́jú 10 péré ni wọ́n ń fún wa. Lóṣù kejì ọdún yìí mo wà ní ọsibítù kan, mo ní "fifteen milligrams", dókítà tó jókòó níwájú tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ gbójú sókè, ó ní ṣé one-five ni àbí five-zero? Mo tún un sọ. Ó ní kò yé òun síbẹ̀. Ìgbà tí mo kọ 15 sórí bọ́ọ̀dù ló tó yé e. Oògùn kì í ṣe gàrí téèyàn lè fi èènì sí. Mi ò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mò ń rò ó pé tí kò bá béèrè ńkọ́?

Bí mo ṣe lọ san ₦45,000 nìyẹn, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, Sátidé àti Sọ́ńdè. Ọmọbìnrin tó ń gbowó níta ṣe dáadáa sí mi, ó fún mi ní rìsíìtì, ó ní "Bọ̀ọ̀dá, ẹ tètè máa dé o, ìjókòó ẹ̀yìn ò gbóhùn". Gbọ̀ngàn náà mọ́, ẹ̀ńjìnnì wọn ń ṣiṣẹ́ tí iná bá lọ. Ibi tó dáa mọ ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ nìyẹn, ìyókù ọ̀gá kàn ń sọ ìtàn bí òun ṣe ń sọ òyìnbó tí wọ́n fi rò pé ìlú òyìnbó ni wọ́n bí òun sí.

Ní Mọ́ńdè, ọjọ́ kejì tí mo bínú jáde, Ańtí tó ń bá ọ̀gá kọ́ wa pè mí. Mo jù wọ́n lọ lọ́jọ́ orí o, ṣùgbọ́n tíṣà mi ni wọ́n, Ańtí ni mò ń pè wọ́n. Wọ́n ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ohun tó ṣẹlẹ̀ yẹn ò dáa rárá. Ẹ bá mi wá ní Tọ́sìdé, aago mẹ́rin, èmi àtẹ̀yin nìkan." Mo fajú ro lọ. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu wọn ni, "Ṣé ẹ kéwú?" Mo rò pé èébú ti tún dé. Mo ní mo kéwú, mo ti ṣe wòlímọ̀ láti ọmọ ọdún 12, kí ló dé?

Wọn ò fèsì. Wọ́n fa bébà, wọ́n kọ lẹ́tà kéwú kan, ث, èyí tó ní tóótòòtó mẹ́ta lórí, wọ́n ní kí n pè é bí ààfáà mi ṣe kọ́ mi gan-an. Ààfáà wa nítòsí Ọjà Ọba kì í gbà kéèyàn pe lẹ́tà yẹn bíi س, ìyẹn s, àtòrì ni, orí ahọ́n gbọ́dọ̀ yọ díẹ̀ láàárín eyín kí atẹ́gùn gba ibẹ̀ jáde. Mo pè é. Ańtí ní, "Ẹ má mú ahọ́n kúrò níbẹ̀, ẹ sọ three." Ó jáde! Mo sọ thousand, ó jáde. Think, ó jáde. Wọ́n tún kọ ذ, wọ́n ní kí n ti ibẹ̀ bọ́ sórí this, that, mother. Gbogbo ẹ̀ jáde. Omi lé sí mi lójú, mi ò purọ́. Ohun tí ọ̀gá ní kéwú bà jẹ́, kéwú ló fún mi láti ọmọ ọdún méje, kò kàn sẹ́ni tó sọ fún mi pé mo ní i lápò ni. Z náà, ز ni, ó ti wà ńlẹ̀. V ní tiẹ̀ ò sí nínú Yorùbá, kò sì sí nínú kéwú, ìyẹn ni wọ́n kọ́ mi látìbẹ̀rẹ̀, eyín òkè lórí ètè ìsàlẹ̀, kí n fọwọ́ kan ọ̀nà ọ̀fun kí n gbọ́ bó ṣe ń gbọ̀n, tí kò bá gbọ̀n f ni mo ṣì ń pè. Ship àti sheep ṣì ń dà mí láàmú di òní.

Ọ̀rọ̀ 15 àti 50 wá ni olórí gbogbo ẹ̀. Ańtí ní Yorùbá kì í fi sílébù kankan ṣeré, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, tó o bá gbé ìkan mì o ti sọ nǹkan mìíràn. Òyìnbó ní tiẹ̀, ibì kan ni wọ́n máa ń gbé lulẹ̀ gbì, wọ́n á rọra gba ìyókù kọjá. Ańtí ní kí n máa gbá tábìlì: fifty, iwájú ni kí n gbá, kí ẹ̀yìn kúrú. Fifteen, ẹ̀yìn ni kí n gbá, kí n fà á díẹ̀. Photograph, iwájú. Photographer, ó ti sún sí èkejì. Photographic, ó tún sún sí ẹ̀kẹta. Mo gbá tábìlì títí ìyàwó mi fi ń béèrè nílé pé kí ni mò ń kàn. A ṣe Oral English ní WAEC nígbà tiwa o, A-B-C-D la ń shéèdì, kò sẹ́ni tó gbóhùn wa.

Kí n má purọ́ mọ́ ọ̀gá ṣá, kéèyàn dìde sọ̀rọ̀ níwájú èrò, ó mọ̀ ọ́n. Òun ló ní kí n da sláìdì 14 nù nínú 20, pé tí mo bá ti pe nọ́ńbà kí n dákẹ́ kí n wojú èèyàn kan kí n tó máa lọ, nọ́ńbà tó bá jẹ mọ́ oògùn kí n pè é lẹ́ẹ̀mejì, fifteen, one-five. Ìmọ̀ràn yẹn níye lórí. Ṣùgbọ́n kò bẹ̀ mí títí kíláàsì fi parí. Lọ́jọ́ ìparí wọ́n tún ní ₦5,000 ni sátífíkéètì, tẹ́nikẹ́ni ò sọ tẹ́lẹ̀. Mo yọ rìsíìtì síta, ọmọ tó ń gbowó wolẹ̀, ó ní "Bọ̀ọ̀dá, ohun tí wọ́n ní kí n gbà nìyẹn." Mi ò lè bá ọmọlọ́mọ jà. Ọ̀gá wà ní yàrá inú, mò ń gbóhùn ẹ̀, kò jáde. Mo fi sátífíkéètì wọn sílẹ̀ fún wọn.

Lóṣù karùn-ún mo padà sí ọsibítù yẹn. Dókítà kan náà, ìjókòó kan náà. Mo pe fifteen, mo dákẹ́, mo tún ní one-five, ó kọ ọ́ sílẹ̀, kò gbójú sókè rárá.

Máàkì tí mo fún wọn: 2 nínú 5. Mo ti san owó apá kejì o, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa bẹ̀rẹ̀, Ańtí ló máa kọ́ wa. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó béèrè ẹni tó máa kọ́ ọ kó tó yọ kọ́bọ̀.