Iléeṣẹ́ Agbẹjọ́rò Tí Mo Gbé Ìwé Gbélé-ẹ Mi Lọ Bá

Nígbà tí yunifásítì tí mo ti ń ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n já ìwé gbélé-ẹ lé mi lọ́wọ́, lórí ẹ̀sùn ìwà àìtọ́ tí ẹnikẹ́ni kò fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn mí, mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí iléeṣẹ́ agbẹjọ́rò kan tó jẹ́ pé ẹjọ́ àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni wọ́n sábà máa ń gbà. Ó ti pé oṣù méje báyìí, mo sì lè sọ bí iṣẹ́ wọn ti rí.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ kò dùn mọ́ mi nínú. Agbẹjọ́rò náà ní, “Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ṣé ẹ ṣe ohun tí wọ́n ní ẹ ṣe?” Mo ní n kò ṣe é. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní òun kò ní í bèèrè mọ́, ṣùgbọ́n òun kò lè ṣèlérí pé wọn yóò dá mi láre. Ọ̀nà tí wọ́n gbà yọ mí ni òun lè jà lé lórí. Ẹni tí wọ́n bà lórúkọ jẹ́ a máa fẹ́ kí wọ́n wẹ òun mọ́ lójú ẹsẹ̀, nítorí náà inú bí mi díẹ̀.

Ọwọ́ tí wọ́n fi ń ka ìwé ni mo tìtorí rẹ̀ dúró. Ó tẹ́ mẹ́ta sórí tábìlì: ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ, ìwé tí wọ́n fi pè mí síwájú ìgbìmọ̀ ìbáwí, àti ìwé gbélé-ẹ. Ó fi ìdí bírò kan ọjọ́ tó wà lórí ẹ̀kẹta, ó sì dákẹ́. Ọjọ́ méjì ṣáájú kí ìgbìmọ̀ tó jókòó gbọ́ tẹnu mi ni wọ́n ti tẹ ìwé tí wọ́n fi lé mi lọ. Èmi tí mo máa ń yọ máàkì akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ṣi ọdún kọ, mo ti kà á tó ogún ìgbà, n kò rí i.

Ó tún fa ìwé àbá tí UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ètò ẹ̀kọ́, fọwọ́ sí ní ọdún 1997 lórí ipò àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga yọ, èyí tó ní a kò gbọdọ̀ bá olùkọ́ wí, áńbọ̀sìbọ́sí ká lé e, àfi lórí ìdí tó tọ́ tó sì tó, tí a lè fi hàn níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, tàbí níwájú ilé ẹjọ́. Kò fi pamọ́ fún mi pé àbá lásán ni, kì í ṣe òfin, àti pé ìwé kan náà ka ìwà ìbàjẹ́ pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ ohun tí a lè tìtorí rẹ̀ léni. Nígbà tí mo ní kí ó tú àṣírí ẹni tó fẹ̀sùn kàn mí, ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní tẹnu olùfẹ̀sùnkàn náà yẹ ní gbígbọ́.

Àléébù wọn kò ju méjì lọ. Wọn kì í tètè dáhùn ìpè, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi pè wọ́n nígbà kan. Ìwé owó wọn náà kò yé èèyàn, “ìjíròrò” ni wọ́n kọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún láìsọ ẹni tó bá ẹni jíròrò.

Yunifásítì ti gbà láti tún ọ̀rọ̀ náà gbọ́ níwájú ìgbìmọ̀ tuntun, tí ẹni tó buwọ́ lu ìwé gbélé-ẹ mi kò ní í sí nínú rẹ̀. Ẹ̀sùn náà ṣì wà nílẹ̀. Ẹni tó ń wá agbẹjọ́rò tí yóò bá a pariwo nínú ìwé ìròyìn, kí ó gba ibòmíràn lọ. Ní tèmi, n ó tún gbé iṣẹ́ fún wọn, ṣùgbọ́n n ó kọ́kọ́ bèèrè ẹni tí yóò máa gbé fóònù.