Bọ́ọ̀sì tá a yá ní Òṣogbo dé Grand-Popo: bó ṣe rí fún wa nìyí

Ọjọ́ márùn-ún la fi lo bọ́ọ̀sì Hiace tá a yá níbí ní Òṣogbo, èmi àti bàbá àwọn ọmọ, àwọn ọmọ mẹ́ta, ìyá ọkọ mi (Màmá) àti àbúrò mi obìnrin. A gba Badagry bọ́ sí Kútọnu, a wá ń gba etí òkun lọ títí a fi dé Grand-Popo, ìlú kan létí òkun ní orílẹ̀-èdè Benin. Mi ò ní dárúkọ àwọn tó yá wa ní bọ́ọ̀sì torí mo máa sọ ibi tí wọ́n kù sí, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń rò ó bóyá kẹ́ ẹ lọ wọkọ̀ ní gáréèjì tàbí kẹ́ ẹ yá odindi bọ́ọ̀sì fún irú ìrìn báyìí, ẹ yá bọ́ọ̀sì. Ọkọ̀ èrò á kàn já yín sí Kútọnu ni, ẹ ò ní rí òkun yẹn rárá.

Bọ́ọ̀sì ọ̀hún mọ́, éésì rẹ̀ tutù. Wọ́n yọ ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá kúrò, wọ́n tẹ́ fóòmù síbẹ̀, torí náà tá a bá ti páàkì, àwọn ọmọ kàn ń sùn lọ ni. Àyè wà fún kúlà àti sítóòfù gáàsì kékeré tiwa. Owó ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gbà, epo lọ́tọ̀, oúnjẹ àti ibi tí dẹ́rẹ́bà máa sùn náà wà lọ́rùn ẹni tó yá a, ẹ fi èyí sínú ìṣirò yín o.

Ẹ̀dùn ọkàn mi àkọ́kọ́ rèé. Aago mẹ́fà àárọ̀ la ti kó ẹrù síta, aago mẹ́wàá ti lù kí bọ́ọ̀sì tó yọjú, wọ́n ní brown card làwọn ń dúró dè, ìyẹn ìwé ìnṣọ́ránsì tí mọ́tò gbọ́dọ̀ ní kó tó lè rìn láàárín àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú la ti sọ fún wọn pé a máa kọjá bọ́dà! Wákàtí mẹ́rin yẹn ló sọ wá sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ọkọ́kọ̀máìkò nírọ̀lẹ́, pẹ̀lú ọmọ tó ń sunkún, òru la wọ Badagry. Èkejì ni pé bẹ́líìtì ìjókòó méjì ò mú rárá. Èyí ló dùn mí jù torí ọmọ ló yẹ kó jókòó síbẹ̀, àgbà méjì ló wá lọ jókòó síbẹ̀ títí a fi dé, àwọn náà ò sì ní bẹ́líìtì.

Àmọ́ dẹ́rẹ́bà yẹn, háà, Ọlọ́run á máa ṣọ́ wọn. Bàbá àgbàlagbà ni wọ́n, wọn kì í sáré, wọ́n gbọ́ Ègùn, wọ́n sì gbọ́ Faransé díẹ̀. Láti Àgbárá dé Sèmè, ibi tí wọ́n ti ń dá mọ́tò dúró pọ̀ gan-an, dẹ́rẹ́bà wa to gbogbo ìwé sínú fáìlì kan, wọ́n á kí àwọn ọ̀gá, a kọjá. Ní bọ́dà, gbogbo wa la sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú pásípọ́ọ̀tù àti yellow card, ìyẹn káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú, ti àwọn ọmọ náà wà níbẹ̀. Ní òdìkejì, tí wọ́n ń ta kpayo, ìyẹn epo fàyàwọ́, nínú ìgò lẹ́bàá títì, dẹ́rẹ́bà ní àwọn ò ní rọ ọ́ sínú ẹ́ńjìnnì tó gbé ọmọ ọlọ́mọ, ilé epo ni wọ́n lọ.

Ní Badagry, a rí ilé alájà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tí wọ́n kọ́ parí ní 1845, lẹ́yìn náà a wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Gbẹrẹfu, a fẹsẹ̀ rìn dé etí òkun níbi tí wọ́n ti ń kó àwọn ẹrú lọ. Màmá dúró síbẹ̀ pẹ́. Wọ́n ní omi Ọ̀ṣun tó ń kọjá nílùú wa, ọ̀sà ló ń wọ̀ lọ kó tó dénú òkun, wọ́n wá bu omi bọjú. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

Ibi tí bọ́ọ̀sì ti wúlò jù ni ọ̀nà etí òkun láti Kútọnu sí Àjùdá (Ouidah), ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Route des Pêches. Òkun lápá òsì, igi àgbọn lápá ọ̀tún, ẹ rí àwọn apẹja tó tò lórí yanrìn tí wọ́n ń fa okùn àwọ̀n láti inú omi, wọ́n ń kọrin sí i bí wọ́n ṣe ń fà á. Dẹ́rẹ́bà ò dúró de kí n bẹ̀ wọ́n, wọ́n ti páàkì. Àwọn ọmọ mi sáré lọ di okùn mú lẹ́yìn wọn, wọ́n fà á bí ìṣẹ́jú ogún, àwọn apẹja sì fún wọn lẹ́ja. A dín in níbẹ̀ lórí sítóòfù, a fi ẹ̀kọ tá a rà lẹ́bàá ọ̀nà jẹ ẹ́. Ìyá tó tà á fún wa ń sọ Yorùbá kedere, wọ́n ní Kétu làwọn ti wá, ni Màmá bá fi wá sílẹ̀, wọ́n ń bá wọn ṣeré.

Ní Àjùdá, ẹ má fo Igbó Kpassè. Wọ́n ní ọba Kpassè di igi ìrókò níbẹ̀, ère òrìṣà sì wà káàkiri, ara Òṣogbo tó bá débẹ̀ á rántí Igbó Ọ̀ṣun àti iṣẹ́ ọnà Àdùnní Olórìṣà (Susanne Wenger) lójú ẹsẹ̀. Ilé erè, ìyẹn tẹ́ńpìlì òjòlá, ò gbà wá lásìkò púpọ̀, àwọn ọmọ fi erè kan sọ́rùn — ejò gidi ni o, kò bù wọ́n jẹ. Ẹnubodè Àìpadàbọ̀ (Door of No Return) tí wọ́n kọ́ ní 1995 wà létí òkun, ní òpin ọ̀nà tí wọ́n ń da àwọn ẹrú gbà.

Òru méjì la lò ní Grand-Popo, a wọ ọkọ̀ ojú omi dé ibi tí odò Mono ti ń wọ òkun. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ wọ inú òkun lọ níbẹ̀ o, omi yẹn máa ń fa èèyàn lábẹ́. Odò ni ká lúwẹ̀ẹ́, lójú àgbà.

Ọjọ́ kejì tá a délé ni àwọn tó yá wa ní bọ́ọ̀sì pè wá, wọ́n bẹ̀bẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ brown card, wọ́n dá owó àbọ̀ ọjọ́ padà sí àkáǹtì. Ti bẹ́líìtì, wọ́n ní àwọn á tún un ṣe. Mo ti ní mo máa fọwọ́ ara mi fa ìkọ̀ọ̀kan wọn wò kí ẹnikẹ́ni tó wọlé ní Disẹ́ńbà, torí Màmá ti sọ pé Lomé ló kàn.