Páàtì kọ̀ǹpútà tí wọn ò ṣe mọ́: Wuse, Ikeja, àbí kẹ́ ẹ ra òkú ẹ̀rọ?

Tẹ́ ẹ bá ń gbé Àbújá, tẹ́ ẹ sì fẹ́ ra kọ̀ǹpútà àlòkù tí wọ́n ti ṣíwọ́ ṣíṣe, ẹ má tíì béèrè iye tí wọ́n ń tà á. Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tẹ́ ẹ óò ti máa rí páàtì rẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni mo ti gbà.

Àkọ́kọ́ ni àwọn plaza Wuse 2: Emab, Banex àti agbègbè wọn. Ohun tó dáa níbẹ̀ ni pé ẹ lè gbé ẹ̀rọ yín lọ, kí wọ́n dán páàtì wò níṣojú yín kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Fáànù, ṣájà, háàdì dísìkì, bátìrì CR2032 tí kì í jẹ́ kí aago kọ̀ǹpútà gbàgbé ọjọ́, gbogbo ìwọ̀nyí ò ṣòro. RAM, ìyẹn páàtì tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, ló kọ́ mi lọ́gbọ́n. Dell OptiPlex 755 mi, irú RAM tí wọ́n ń pè ní DDR2 ló ń lò; mo kàn fẹnu béèrè RAM, wọ́n fún mi ní DDR3, irú tó dé lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn méjèèjì ní ẹsẹ̀ 240, wọ́n sì gùn dọ́gba, àmọ́ ibi tí wọ́n gé lára wọn yàtọ̀. Mo délé ní Kubwa, mo tì í títí, kò wọlé. Ẹni tó tà á lóun ò gbọjà padà. Ọmọ Ìbàdàn kan ní ṣọ́ọ̀bù kejì ló ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa mú ògbólógbòó yẹn dání wá. Ẹnu kì í ra RAM."

Computer Village, Ikeja ńkọ́? Ọjà pọ̀ níbẹ̀ ju ti Wuse lọ, owó rẹ̀ sì máa ń rọjú díẹ̀. Àmọ́ ẹ ò sí níbẹ̀. Wébílì lẹ máa gbà ní párkì Utako tàbí Jabi, tí kò bá sì ṣiṣẹ́, ọrùn yín ni owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ wà. Ẹ ní kí wọ́n fi fídíò hàn yín níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, kí nọ́ńbà ara rẹ̀ hàn ketekete. Tẹ́ ẹ bá sì ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ láti òkè òkun, owó ẹrù lè ju owó páàtì lọ.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni òkú ẹ̀rọ: kẹ́ ẹ ra irú kọ̀ǹpútà yín gan-an tó ti kú, kẹ́ ẹ máa tú u. Power supply, àpótí tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà, ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ níhìn-ín, nítorí eruku ọyẹ́ àti iná tó ń lọ tó ń bọ̀. Tèmi kú nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí iná já dé. Òórùn jíjó gba pálọ̀. Nígbà tí mo ṣí i, orí kapásítọ̀ méjì, àwọn páàtì bí agolo kékeré tó ń gba iná dúró, ti wú bí àkàrà. Ti Dell àti HP kékeré ní ìrísí tiwọn, èyí tó wà káàkiri ọjà ò wọnú wọn. Òkú 755 tí ọ́fíìsì kan fẹ́ kó dànù ló gbà mí. Ìyókù rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìyàwó mi ní òkú tí mi ò rójú sin ni.

Nítorí náà, OptiPlex tàbí HP ọ́fíìsì ni kẹ́ ẹ rà: òkú wọn pọ̀. Toshiba gba ìrònú. Ọdún 2018 ni Sharp ra ìpín 80.1 nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ kọ̀ǹpútà wọn, ó gba ìyókù ní 2020, Dynabook ló ń jẹ́ báyìí. Ṣájà wọn ò wọ́n, àmọ́ kíbọ́ọ̀dù àti ìdè sukirínì lè dá yín lágara.

iMac, kọ̀ǹpútà Apple tí sukirínì àti ẹ̀rọ rẹ̀ wà lójú kan, lẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Tí ọdún 5 bá ti kọjá tí Apple ti ṣíwọ́ títa ẹ̀rọ kan, ìgbà tí páàtì bá ṣì wà nìkan ni wọ́n máa tún un ṣe. Tó bá ju 7 lọ, ó tán nìyẹn. Oṣù kẹta 2022 ni wọ́n ṣíwọ́ títa ti ínǹṣì 27, ẹ ka ọdún rẹ̀ wò. Láti ìparí 2012 sì ni wọ́n ti ń fi gọ́ọ̀mù lẹ sukirínì rẹ̀ mọ́ ara. Ẹ bi ẹnjinía yín bóyá ó ti ṣí irú rẹ̀ rí. Tó bá ní "a máa gbìyànjú", ẹ gbé e padà.