Ọmọ ní ìsọ̀ ìyá rẹ̀ àbí ọmọ ní jẹ́lé-ó-sinmi?

Ìyá tó ń tajà ní Bódìjà n'Ìbàdàn kì í tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá kankan kó tó pọn ọmọ wá sí ìsọ̀. Ọmú wà nítòsí, bẹ́ẹ̀ ọmú nìkan ni àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kí ọmọ máa mu títí yóò fi pé oṣù 6. Owó jẹ́lé-ó-sinmi kò sì jáde lápò ìyá. Fún ọmọ ọwọ́, ìsọ̀ ni mo fara mọ́.

Tí ọmọ bá ti ń rìn, ọ̀rọ̀ yí padà. Ọ̀kadà ń sáré kọjá, èéfín jẹnẹrétọ̀ ń rú sí i nímú, ojú ìyá sì wà lára oníbàárà. Jẹ́lé-ó-sinmi ló yẹ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, níbi tó ti máa rí ẹgbẹ́ bá ṣeré. Àmọ́ kí ìyá kọ́kọ́ wo iye ọmọ tó wà lọ́wọ́ olùtọ́jú kan. Bí wọ́n bá pọ̀ jù, kó wá ibòmíràn.

Ti òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ló dùn mí jù. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà fún abiyamọ ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti fún ọmọ lọ́mú. Báwo ni yóò ṣe lò ó nígbà tí ọmọ wà ní òdìkejì ìlú? Ẹ̀yin ọ̀gá iléeṣẹ́, ẹ ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ wọ̀nyí, kí ẹ sì gba ẹni tí yóò máa tọ́jú wọn.