Venice tàbí Lisbon nígbà òtútù: èwo ni kí ẹ náwó lé?

Láti oṣù kọkànlá dé oṣù kẹta, owó òtẹ́ẹ̀lì máa ń wálẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìlú èbúté àtijọ́ ní Yúróòpù, àfi àsìkò Kérésì àti ọdún tuntun. Bí ẹ bá ń wá ibi tí ẹ máa lo ọjọ́ mélòó kan nínú oṣù wọ̀nyí, méjì ni mo fẹ́ gbé síwájú yín: Venice ní Ítálì, àti Lisbon ní Potogí. Èrò tèmi rèé: bó bá jẹ́ pé ẹyọ kan péré lapò yín gbà, Venice ni kí ẹ lọ. Lisbon ṣeé lọ nígbàkigbà. Ṣùgbọ́n ní oṣù keje, èrò a máa há mọ́ra ní Venice débi pé èèyàn ò ní rí ìlú ọ̀hún rárá. Oṣù kìíní ló máa ń fara hàn.

Òtútù àti omi

Lisbon ló lọ́ wọ́ọ́rọ́ jù. Lọ́sàn-án oṣù kìíní, ojú ọjọ́ ibẹ̀ máa ń tó ìwọ̀n Celsius 15. Lóru, á wá sí nǹkan bíi 8. Ti Venice kì í sábà ju 7 lọ lọ́sàn-án, ó sì lè já sí òdo lóru, pẹ̀lú kùrukùru lójú omi.

Àmọ́ ohun kan wà tí àwọn tó ń polówó Lisbon kì í sọ. Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ níbẹ̀ ni kò ní ẹ̀rọ tó ń mú gbogbo ilé móoru. Ògiri á tutù, aṣọ tí ẹ fọ̀ kò ní gbẹ bọ̀rọ̀, ẹ ó sì máa gbọ̀n nínú yàrá nígbà tí oòrùn ń ràn níta. Bó bá jẹ́ ilé lẹ fẹ́ gbà dípò òtẹ́ẹ̀lì, ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń mú un móoru kí ẹ tó sanwó. Òjò ibẹ̀ náà máa ń pọ̀ nínú oṣù wọ̀nyí, àwọn òkúta funfun kéékèèké tí wọ́n tò sójú ọ̀nà a sì máa yọ̀ gan-an, pàápàá ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Ẹ wọ bàtà tó di ilẹ̀ mú.

Ní Venice, òkun ló ń wọ ìlú. Ní ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá 2019, omi ga tó sẹ̀ǹtímítà 187, ó sì ba nǹkan púpọ̀ jẹ́. Láti oṣù kẹwàá 2020 ni wọ́n ti ń lo MOSE, ìlẹ̀kùn irin 78 tó ń dí ẹnu ọ̀sà nígbà tí omi bá fẹ́ tó 110. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí fídíò ọdún 2019 dẹ́rù bà yín. Piazza San Marco, gbàgede ńlá ìlú náà, ṣì lè rin, torí ibẹ̀ ló rẹlẹ̀ jù, ṣùgbọ́n wákàtí mélòó kan ni òkun fi ń kún tó sì ń fà, wọ́n sì máa ń to pákó tí èèyàn á gbà kọjá.

Owó àti ẹsẹ̀ rírìn

Lisbon ló dínwó jù, kò sí àríyànjiyàn. Ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ń gbé èèyàn láti pápákọ̀ òfuurufú wọ àárín ìlú. Ní Venice, kò sí mọ́tò, kò sí ọ̀kadà. Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi kan jẹ́ yúrò 9.50 fún ìṣẹ́jú 75, nítorí náà ẹ ra ti ọjọ́ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Owó ìwọlé tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbà lọ́wọ́ àwọn tí kò sùn síbẹ̀ ní 2024, àwọn ọjọ́ kan láti oṣù kẹrin lọ ni wọ́n yàn fún un, kì í ṣe ìgbà òtútù. Afárá tó lé ní 400 ló wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ló sì ní àtẹ̀gùn, ẹ má gbé báàgì ńlá. Fún màmá tí orúnkún ń dùn, ìlú méjèèjì ló le, torí òkè ni Lisbon.

Panla

Èyí dùn mọ́ mi jù. Ní ìparí 1431, ọkọ̀ Pietro Querini, ọmọ Venice, bà jẹ́ lójú òkun, ní 1432 òun àti àwọn tó kù sì gúnlẹ̀ sí Røst ní Norway. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí ẹja tí wọ́n fi afẹ́fẹ́ gbẹ, ìyẹn panla, stockfish tí àwọn ìyá ọlọ́jà ń tà lọ́dọ̀ wa títí dòní. Ní Venice, wọ́n á rẹ ẹ́, wọ́n á sè é, wọ́n á wá fi òróró ólífì lù ú títí á fi funfun tí á sì kúnná bí iyán, wọ́n á fi lé búrẹ́dì. Wọ́n ń pè é ní baccalà mantecato. Oníyọ̀ ni ti Lisbon, bacalhau, òun náà dùn, ṣùgbọ́n mi ò lè fi wé ti Venice.

Ìtàn wa

Níbí ni Lisbon ti borí. Ẹ lọ sí òpópónà Rua do Poço dos Negros, ìyẹn Kànga Àwọn Aláwọ̀ Dúdú: ní 1515 ni ọba Manuel kìíní pàṣẹ pé kí wọ́n gbẹ́ kòtò tí wọ́n á máa sọ òkú àwọn ẹrú sí. Bí àyè bá wà, ẹ dé ìlú Lagos ní gúúsù Potogí, tó ń bá Èkó jẹ́ orúkọ kan náà, níbi tí wọ́n ti kó ẹrú 235 bọ́ sílẹ̀ látinú ọkọ̀ ojú omi ní 1444.

Ní Venice, ẹ wọ ilé àwòrán Gallerie dell'Accademia, kí ẹ wá àwòrán tí ayàwòrán Carpaccio yà, tó fi afárá Rialto hàn nígbà tó ṣì jẹ́ onígi. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń tukọ̀ níbẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ó dé fìlà tó ní ìyẹ́ ẹyẹ. Nígbà òtútù, ẹ lè dúró síwájú rẹ̀ pẹ́ láìsí ẹni tó ń tì yín.

Físà

Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà nílò físà Schengen, èyí tó kárí Ítálì àti Potogí, kódà bí ẹ bá ní ìwé ìgbélùú Britain. Yúrò 90 ni fún àgbà, ó kéré tán ọjọ́ 15 ṣáájú ìrìn àjò lẹ gbọ́dọ̀ ti fi ìwé sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ti bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kẹwàá. Orílẹ̀-èdè tí ẹ máa sùn jù ni kí ẹ kọ̀wé sí. Ẹ mú ọjọ́ tó bọ́ sí ẹ̀yìn 6 oṣù kìíní, kí Carnival, àjọ̀dún ńlá Venice, tó wọlé, torí ọ̀wọ́n gógó ni òtẹ́ẹ̀lì Venice lásìkò Carnival.